Àwọn Júù yín kò burú, tábìlì yín ló tẹ́jú jù

Ẹ̀gbọ́n tó ní òun ti kun ère ọmọ ogun kéékèèké fún eré ogun orí tábìlì, Róòmù 60 àti Júù 60, tí àwọn Júù sì ń fìdí rẹmi ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá jọ pàdé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tà wọ́n. Ẹ tún béèrè bóyá kí ẹ kúkú kọ́ Masada, odi orí òkè tí Róòmù dótì. Màá dé ibẹ̀. Ohun tó ń ṣe yín yìí ṣe èmi náà fún ọdún kan àbọ̀, owó tó sì bá a lọ kì í ṣe kékeré.

Mo ra ará Róòmù 72, oníke, mílímítà 28, gbogbo wọn nínú ẹ̀wù irin aláwẹ́láwẹ́ tí a máa ń rí nínú fíìmù Àjíǹde. Mo ra Júù 48. Mo tẹ́ aṣọ aláwọ̀ ewé sórí tábìlì tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà tó sì fẹ̀ ní mẹ́rin, mo to wọ́n kí wọ́n kọjú síra bí ẹni fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù. Kò tíì pé wákàtí kan tí ó fi parí. Ọ̀rẹ́ mi tó ń darí àwọn Júù fara dà á lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ó ní ìyàwó òun ń pe òun. Fóònù rẹ̀ kò dún o.

Ìgbà tí mo jókòó ka Josephus, òpìtàn Júù ayé ìgbà náà, dáadáa ni mo rí ogun kan tó jọ tèmi gẹ́lẹ́: ti Aṣikẹlónì. Àwọn Júù dìtẹ̀ sí Róòmù, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ́gun rẹ̀ lọ́dún 66 Sànmánì Kristẹni, orí wọn wú, wọ́n sáré lọ kọlu ìlú náà ní ilẹ̀ títẹ́jú. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ kan àti ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin kan péré ló ń ṣọ́ ibẹ̀. Josephus ní 10,000 Júù ló kú níjà àkọ́kọ́ nìkan. Iye tí bàbá yẹn máa ń kọ kì í kéré, ṣùgbọ́n ẹ fi ìdajì rẹ̀ sílẹ̀, ó ṣì burú. Láìmọ̀, Aṣikẹlónì ni mò ń bá ọ̀rẹ́ mi tò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ìṣẹ́gun tó wú wọn lórí yẹn ni kí ẹ gbé sórí tábìlì. Cestius Gallus, gómìnà Síríà, kó líjíónì Kejìlá (líjíónì ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá Róòmù) àti ọ̀pọ̀ ọmọ ogun mìíràn wá sí Jerúsálẹ́mù, ó kọlù ú, ó sì ṣẹ́rí padà. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ní Bẹti-Hórónì (ibi tí Ìwé Jóṣúà ti ní yìnyín bọ́ lu àwọn Ámórì), àwọn Júù ti wà lókè, nǹkan ń rọ̀ lé wọn lórí. Àwọn ẹlẹ́ṣin ni ìyà jẹ jù: ọ̀nà kò gbà wọ́n láti tò, ẹṣin kò sì lè gun òkè lé ẹnikẹ́ni. Josephus ní ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ 5,300 ló ṣòfò. Idì líjíónì náà pàápàá, ère ẹyẹ orí ọ̀pá tó jẹ́ àmì ọlá wọn, lọ.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ọ̀nà gba gígùn tábìlì kọjá. Tèmi fẹ̀ ní ínṣì mẹ́fà, òkè sì wà lápá méjèèjì. Fóòmù tó bá fíríìjì wá ni mo gé, mo fi yẹ̀pẹ̀ àti gúlù bò ó. Róòmù kò wá pa ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ọ̀nà àbáyọ ló ń wá. Gbogbo ẹgbẹ́ tó bá jáde lódìkejì ní máàkì tirẹ̀, idì ní tirẹ̀, ẹ̀rọ tí ń ju òkúta ní tirẹ̀. Cestius pa ìbaaka rẹ̀ kí ẹsẹ̀ wọn lè yá, àfi èyí tó ru ohun ìjà àti ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ kí Róòmù yín náà máa yàn: ṣé kó ju ẹrù sílẹ̀ kó sáré, àbí kó fà á lọ? Ní tábìlì wa, ibẹ̀ ni ariwo ti máa ń sọ.

Ìṣòro kan wà. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, ẹni tó ń darí Róòmù sì ti ka ìtàn náà. Mo sàmì sí ibi 12 lórí òkè, ẹni tó ń darí Júù á kọ ibùba márùn-ún tòótọ́ sínú ìwé, á ká a sábẹ́ ife tíì rẹ̀. Kànnàkànnà àti ọ̀kọ̀ ni kí wọ́n máa jù, kí wọ́n sì sá padà. Ẹni tó bá dúró de idà Róòmù ti padà sí Aṣikẹlónì nìyẹn.

Tí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ má parí eré. Cestius fi nǹkan bí 400 ọmọ ogun sílẹ̀ lóru kí ó lè dà bíi pé gbogbo ibùdó ṣì wà níbẹ̀, òun sì yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ. Mo máa ń fi páálí bàtà bo ibùdó, Róòmù á pinnu iye tó fi sábẹ́ rẹ̀. Júù á pinnu bóyá kó dúró ṣọ́ páálí tàbí kó lépa ẹni tí kò rí. Ọ̀rẹ́ mi tí ìyàwó rẹ̀ ń pè lọ́jọ́sí ṣọ́ páálí náà títí ilẹ̀ fi mọ́ nínú eré wa. Ọmọ ogun mẹ́jọ ló bá nínú rẹ̀. Ó ní ká tún un ṣe lójú ẹsẹ̀.

Ní ti ọ̀dà, ẹ má kun àwọn Júù ní àwọ̀ ilẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Aṣọ tí Yigael Yadin, awalẹ̀pìtàn, wú jáde nínú ihò àpáta lẹ́bàá Òkun Òkú, ti ìgbà Bar Kokhba, Júù tó tún ṣáájú ọ̀tẹ̀ sí Róòmù ní nǹkan bí 70 ọdún lẹ́yìn èyí, ní àwọ̀ dáadáa: ẹ̀wù onílà gbọọrọ méjì láti èjìká wá sísàlẹ̀, aṣọ ìbora tí wọ́n hun àmì sí létí. Ìlà méjì yẹn nìkan ti tó láti sọ wọ́n di èèyàn. Ẹ wọ àwọn Róòmù kan ní ẹ̀wù ẹ̀wọ̀n irin, kí ẹ sì fi tafàtafà kún wọn, torí Ágírípà ọba Júù fúnra rẹ̀ kó ọmọ ogun tẹ̀lé Cestius. Fáníìṣì alágolo ńkọ́? Ẹ má fín in lọ́jọ́ òjò. Mo fín in sára Júù 40 nínú gáréèjì lóṣù kọkànlá, gbogbo wọn funfun bí ẹni bọ́ sínú èlùbọ́. Fáníìṣì dídán tí mo fi búrọ́ọ̀ṣì kùn lé e lórí ló gbà mí.

Masada wàyí. Oṣù méjì ni mo fi kọ́ òkè náà àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí Róòmù mọ gùn ún. Alẹ́ ọjọ́ kan la fi ṣeré lórí rẹ̀. Ẹni tó ń darí Júù kò ní nǹkan kan láti ṣe ju kó máa wo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bó ṣe ń ga sí i. Josephus ní 960 ló kú lọ́wọ́ ara wọn kí Róòmù má bàa mú wọn, obìnrin méjì àti ọmọ márùn-ún ló ṣẹ́ kù. Èmi ò lè ju dáìsì lé alẹ́ yẹn lórí. Tó bá jẹ́ ìdótì lẹ wá, Jotapata, ìlú kan ní Gálílì, ni kí ẹ lọ: ọjọ́ 47 ni Róòmù fi dótì í, Josephus fúnra rẹ̀ ni ọ̀gágun níbẹ̀, wọ́n sì ń sọ àpò ìyàngbò kọ́ síwájú odi kí igi ìfọ́odi má bàa ráyè. Òróró gbígbóná tún wà. Ẹni tó ń darí Júù kò ráyè mu tíì rẹ̀.

Àmọ́ Bẹti-Hórónì lẹ́ẹ̀kọ́kọ́. Èèyàn 60 sí 60 yín ti tó. Ẹ má ra Róòmù kankan mọ́, ìbaaka ni kí ẹ rà, ó kéré tán mẹ́wàá.