Ìlà gbígbá ni kí ẹ máa ṣọ́, ẹ fi pápá sílẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ní òfin ìpààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù nínú softball, eré tí wọ́n ti ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, ń rú yín lójú, pàápàá ti DP (ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù dípò Flex) àti Flex (ẹni tí DP ń gbá bọ́ọ̀lù fún, tó ń ṣọ́ pápá), ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ ìwé orúkọ fún ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé. Ohun tó là mí lójú ni pé ibi tí èèyàn dúró sí lórí pápá kò kan òfin yìí. Ẹni tó ń ṣọ́ béèsì kìíní (béèsì ni ibi tí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù ń sáré dé) lè lọ ṣọ́ ẹ̀yìn pápá, kò sẹ́ni tó jáde.

Ìlà mẹ́sàn-án ni mo máa ń fà, ọ̀kan fún àyè kọ̀ọ̀kan nínú bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù tẹ̀ léra. Orúkọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ eré á ṣáájú, ti ẹni tó rọ́pò rẹ̀ á tẹ̀ lé e lórí ìlà yẹn kan náà. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lè jáde, kó sì padà wọlé lẹ́ẹ̀kan péré, orí ìlà tirẹ̀ náà sì ni. Mo ti rí ọmọ tí rẹfirí dá dúró, tó ń sunkún, torí pé kóòṣì rẹ̀ dá a padà sórí ìlà ẹlòmíì. Ó dùn mí gan-an. Ní ti ẹni tó wá rọ́pò, àwọn ìwé òfin kan gbà kó padà, àwọn míì kò gbà. Ẹ ka ti ìdíje yín.

Flex ń ṣọ́ pápá, DP ń bá a gbá bọ́ọ̀lù. Ìlà kẹwàá, nísàlẹ̀, ni orúkọ Flex ń wà. Bí ẹ ò bá kọ wọ́n sílẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ò lè mú wọn wọlé mọ́. Àwọn méjèèjì ò gbọdọ̀ wà nídìí gbígbá tàbí sísáré béèsì pọ̀. Bí Flex bá gbá tàbí sáré dípò DP, DP ti jáde nìyẹn. Bí DP bá ṣọ́ pápá dípò Flex, Flex ló jáde. Ẹ sàmì sí ẹni tó jáde, ó ti lo ìjáde kan.

Ibi tí ọ̀pọ̀ kóòṣì ti ń ṣì í ni èyí: DP lè ṣọ́ pápá dípò ẹlòmíì, bí ẹni tó ń hán bọ́ọ̀lù lẹ́yìn. Ẹni yẹn kò jáde o! Á ṣì máa gbá lórí ìlà rẹ̀.

Kí ìpààrọ̀ kankan tó wáyé, ẹ sọ fún rẹfirí ẹni tó ń wọlé, ẹni tó ń jáde, àti ìlà wọn. Ẹ dúró títí á fi kọ ọ́ tán.