Ínsúlínì mi ń lọ sókè sódò, ṣé òun ló ń bà mí jẹ́ ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì. Àgbẹ̀ ni mí ní Ìsánlú, ẹni ọdún 41, mi ò sanra rárá. Ọdún méjì sẹ́yìn wọ́n ní mo ní àtọ̀gbẹ, oògùn oníhóró ni mo ń lò, ó ṣiṣẹ́ díẹ̀ kó tó kọ̀. Wọ́n wá yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò ní Lọ́kọ́ja, wọ́n ní LADA ni, irú àtọ̀gbẹ kan tó máa ń yọ díẹ̀díẹ̀ lára àgbàlagbà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi ní ínsúlínì, abẹ́rẹ́ tó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, 24 yúníìtì lójúmọ́. Lẹ́yìn oṣù méjì dókítà já a wá sí 12, inú mi dùn. Ní báyìí ó ti di 30. Àwọn ará ilé ní abẹ́rẹ́ yẹn ló ń bà mí jẹ́, kí n fi sílẹ̀.

ÌDÁHÙN: Òkun o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sílẹ̀ o, kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná.

Ohun tó ń ṣe yín ni pé àwọn ọmọ ogun inú ara yín ń ṣi ọ̀tá mú, wọ́n ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ínsúlínì nínú páńkíríásì, ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn ikùn. Tó bá jẹ́ ọmọdé ni, kíá ló máa ń ṣẹlẹ̀, àmọ́ lára àgbàlagbà ó lè gba ọdún mélòó kan, ìdí nìyẹn tí oògùn oníhóró fi kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ fún yín, tí wọ́n sì fi rò pé àtọ̀gbẹ tó wọ́pọ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò fún GAD, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń wá ohun ìjà tí àwọn ọmọ ogun yẹn ń lò sí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà, ló máa ń tú u fó.

Èé ṣe tó wá fi já wá sí 12? Nígbà tí ínsúlínì ti ìta wọlé, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó kù rí ìsinmi, wọ́n tún gbìyànjú díẹ̀, hónímúùn ni àwọn dókítà ń pè é, kì í sì í pẹ́ títí. Bí iṣu inú àká bá ń tán, èyí téèyàn ń rà lọ́jà Kàbà á máa pọ̀ sí i, ọjà kọ́ ló jẹ iṣu inú àká. Bí 30 yẹn ṣe rí nìyẹn.

Àmọ́ kí wọ́n tó tún fi kún un, ẹ fọwọ́ kan ibi tẹ́ẹ máa ń gún, tó bá ti le tàbí tó ṣe kókó, ínsúlínì ò ní wọlé dáadáa níbẹ̀, ẹ máa yí ojú ibẹ̀ padà. Ẹ má sì gbé e sápò lọ sóko nínú oòrùn, ooru máa ń bà á jẹ́, mo ti rí i lójú ara mi. Tí ò bá sí iná fún fíríìjì, ẹ fi sínú ọ̀rá tí omi ò lè wọ̀, kẹ́ẹ gbé e sínú ìkòkò amọ̀ tó tutù níbi tí òjìji wà.

Ọjọ́ tẹ́ẹ bá kọ ebè, ṣúgà lè já, kódà lóru, torí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ẹ tó sùn. Tó bá wà lábẹ́ 70 mg/dL lójú ẹ̀rọ, tàbí tára ń gbọ̀n tí òógùn tútù ń bò yín, ẹ jẹ hóró ṣúgà bíi mẹ́rin, ẹ dúró ìṣẹ́jú 15, ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò. Ibà ní tiẹ̀ máa ń gbé ṣúgà sókè, kódà tẹ́ẹ ò bá lè jẹun dáadáa ẹ má dá ínsúlínì dúró, ẹ pe dókítà. Tó bá ti kọjá 250 mg/dL tẹ́ẹ sì ń bì, tí inú ń run yín tàbí tẹ́ẹ ń mí gúlegúle, ọsibítù lọ́jọ́ náà ni, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́.