Àbúrò, olùfúnni nìkan dà?

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O bu bakitéríà nínú ilẹ̀ oko àgbàdo kan ní Akínyẹlé, o pò ó mọ́ èyí tó ní pJP4, plásímíìdì kan (òrùka DNA kékeré tí bakitéríà kan lè fún òmíràn) tó ń jẹ́ kó lè jẹ oògùn apakoríko 2,4-D. Èyí tó ní plásímíìdì ni olùfúnni, ti inú ilẹ̀ ni olùgbà. O wá fi èérún nánò fàdákà, èérún tó kéré ju ohun tí ojú lè rí, sí i. O ní àwọn tó gba plásímíìdì fi ìlọ́po mẹ́wàá pọ̀ sí i, o wá bèèrè pé ìwọ̀n fàdákà wo ni kí o tún fi kún un.

Fi ti ìwọ̀n sílẹ̀ ná. Ṣé o gbé olùfúnni nìkan sórí àwo?

pJP4 yẹn lèmi náà lò. Jíìnì tfd tó ń já 2,4-D sí wẹ́wẹ́ wà lórí ẹ̀, èyí tí kì í jẹ́ kí mercury pa bakitéríà náà wà níbẹ̀. Olùgbà tèmi, rifampicin, oògùn apabakitéríà tó yẹ kó pa olùfúnni, ò ràn án. Nítorí náà, ohun tó bá hù lórí àwo tó ní rifampicin àti mercury pọ̀, olùgbà tó ti gba plásímíìdì ni. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn.

Oṣù márùn-ún gbáko ni mo fi ka kóólónì, ìyẹn òkìtì bakitéríà tó hù sórí àwo. Bí NEPA bá mú iná lọ, màá fi tọ́ọ̀ṣì fóònù tan àwo láti abẹ́, màá máa fi bírò tọ́ ọ lẹ́yìn kí n má baà ka ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Àwo tí kò ní fàdákà: 4. Èyí tó ní fàdákà: 43. Mo ra súyà ní Bódìjà fún gbogbo ará láàbù lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ọjọ́ sẹ́mínà ni bàbá kan dìde, ó ní, “Olùfúnni nìkan dà?” Mi ò ní. Ọ̀gá láàbù wa ló ní ágà, ohun tí bakitéríà ń hù lórí ẹ̀ nínú àwo, wọ́n, kí n má fi àwo ṣòfò. Lọ́jọ́ yẹn, òrùlé lọ̀gá ń wò. Mo padà lọ gbé olùfúnni àti fàdákà sórí irú àwo kan náà, láìsí olùgbà kankan nítòsí. 39 ló hù! Fàdákà ò mú kí plásímíìdì kọjá sí i. Olùfúnni fúnra ẹ̀ ló yí padà. Lẹ́tà DNA kan ṣoṣo tó bá yí nínú jíìnì rpoB ti tó kí rifampicin má lè pa á mọ́, ìdààmú tí fàdákà sì ń kó bá sẹ́ẹ̀lì lè mú irú ẹ̀ pọ̀. Oṣù márùn-ún, àti owó epo jẹnẹrétọ̀. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Mi ò ní irọ́ ni gbogbo ẹ̀ o. Ní 2012, àwọn onímọ̀ ní Ṣáínà fi hàn pé èérún nánò alumina (èròjà alumíníọ̀mù) mú kí plásímíìdì mìíràn, RP4, kọjá ní ìlọ́po tó tó 200, torí ó ń ba awọ sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Ó ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlọ́po mẹ́wàá tìrẹ lè jẹ́ ìṣirò lásán. Ká ní 10 ló gba plásímíìdì nínú mílíọ̀nù kan olùgbà. Fàdákà wá pa olùgbà mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, 10 yẹn ò kú. Pín 10 fún iye olùgbà tó kù wò. Ẹnikẹ́ni ò gba nǹkan tuntun, òkú ló pọ̀.

Fi silver nitrate náà ṣe àyẹ̀wò, kí o mọ̀ bóyá èérún ni tàbí fàdákà tó yọ́ sínú omi. Má fi omi oníyọ̀ fọ sẹ́ẹ̀lì kí o tó da fàdákà sí i: tèmi funfun lójú ẹsẹ̀ bí omídùn, chloride inú iyọ̀ ti gbá fàdákà mú. PCR, ọ̀nà tí a fi ń wá jíìnì, fún tfdA tó jẹ́ ọ̀kan nínú jíìnì tfd, ìyẹn o mọ̀ ọ́n.

Èérún tí o bá rà, wo ìsàlẹ̀ ìgò. Àwọn òṣìṣẹ́ kan dá tèmi dúró ní pápákọ̀ òfuurufú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú ooru, wọ́n ní fàdákà ni, kí n san owó orí ẹ̀gbà ọrùn. Ìgbà tó fi dé, ó ti dì mọ́ ìsàlẹ̀ bí ẹrẹ̀. Mercury ńkọ́? Má dà á sí sìǹkì, gọ́tà ló ń lọ, àwọn kan ń gbin ẹ̀fọ́ létí ẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀n, ti ìwọ̀n tí o bèèrè: wá ibi tí olùgbà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú, kí o dúró sísàlẹ̀ ibẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n lọ́la, olùfúnni nìkan ni kí o kọ́kọ́ gbé sórí àwo, àwo mẹ́ta, kí o sọ iye tó hù fún mi níbí.