Kí ni “van” àti “leen” túmọ̀ sí nínú ìwé ilẹ̀ àwọn ará Nẹ́dálándì àtijọ́?

Ẹnì kan tó ń tọpa ìdílé onílẹ̀ kan ní Nẹ́dálándì ayé àtijọ́ kọ̀wé pé òun bá àwọn ọmọ baba kan náà nínú àkọsílẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ìdílé wọn kò bára mu. Ó béèrè bóyá “van” tó ṣáájú orúkọ wọn jẹ́ àmì oyè, àti ohun tí “leen” tí akọ̀wé ń kọ lójú ewé gbogbo túmọ̀ sí.

“Van” kò gba àlàyé púpọ̀. Ohun tó ń sọ kò ju pé ibì kan báyìí ni èèyàn ti wá. Kì í ṣe oyè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé “von” ti àwọn ará Jámánì, tó jọ ọ́ létí, sábà máa ń tọ́ka sí ìdílé ọlọ́lá. Ayàwòrán tí ayé mọ̀ sí Jheronimus Bosch, tó kú ní 1516, van Aken ni orúkọ ìdílé rẹ̀, nítorí pé ìlú Aachen ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Ayàwòrán ni baba rẹ̀, ayàwòrán sì ni baba baba rẹ̀. Ọ̀pọ̀ mẹ̀kúnnù kò tilẹ̀ ní “van” kankan. Orúkọ baba wọn ni wọ́n ń so mọ́ tiwọn, bíi Jan Willemszoon, ìyẹn Jan ọmọ Willem, títí àṣẹ Napoleon ní 1811 fi sọ ọ́ di dandan kí olúkúlùkù fi orúkọ ìdílé kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba.

“Leen” ni iṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Òun àti ọ̀rọ̀ ìṣe “lenen” jọ ti inú ìdí kan náà wá, “lenen” sì rí gẹ́lẹ́ bíi “yá” tiwa: ẹni tó yáni ní nǹkan àti ẹni tó yá nǹkan lọ́wọ́ ẹni, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún àwọn méjèèjì. Ilẹ̀ tí olúwa ńlá kan fi lé èèyàn lọ́wọ́, kí ẹni náà lè máa sìn ín, ni à ń pè ní leen. Leenheer ni olúwa náà, leenman sì ni ẹni tó gbà á. Bí leenman bá kú, àrólé rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá láàárín ọdún kan àti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ó kúnlẹ̀, kí ó pa àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀ sáàárín ọwọ́ olúwa ilẹ̀, kí ó búra, kí ó sì san ohun tí wọ́n ń pè ní heergewaad, tó lè jẹ́ owó, ó lè jẹ́ ìbọ̀wọ́, ó tilẹ̀ lè jẹ́ ẹyẹ àṣá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi èyí pe ìṣákọ́lẹ̀, nítorí ọdọọdún ni à ń san ìṣákọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tí ilẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn nìkan ni heergewaad ń wáyé.

Ìgbà yẹn náà ni akọ̀wé máa ń ṣí ìwé rẹ̀, ibẹ̀ sì ni oríire olùwádìí wà. Ìwé ìrìbọmi ti ọ̀pọ̀ ìjọ kò ju ìparí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún lọ sẹ́yìn, nígbà tó jẹ́ pé akọ̀wé leen ti ń kọ “bij dode van zijn vader” ní igba ọdún ṣáájú, ìyẹn ni pé ikú baba ẹni yìí ló gbé ilẹ̀ dé ọwọ́ rẹ̀. Gbólóhùn yẹn tó ìwé ẹ̀rí ìbí. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ “bij overdracht” ló kọ, ẹnì kan ló gbé ilẹ̀ náà fún ẹlòmíràn, kò sì sí ohun tó ní kí wọ́n jẹ́ ẹbí. Ẹ ṣọ́ ọ̀rọ̀ “hulder” pẹ̀lú: ẹni tó búra dípò obìnrin tàbí ọmọdé ni, ó lè jẹ́ ọkọ tàbí àbúrò baba, òun kọ́ ló ni ilẹ̀. Àìmọye ìlà ìdílé ló ti wọ́ nítorí pé wọ́n ka hulder sí onílẹ̀.

Ní ti orúkọ tí kò bára mu, ìdílé van Wassenaer ni mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Orúkọ wọn ti abúlé Wassenaar wá, nítòsí Den Haag. Ẹ̀ka kan nínú wọn gba ilẹ̀ Duivenvoorde, tí orúkọ rẹ̀ kọ́kọ́ hàn nínú ìwé ní 1226, ni wọ́n bá di van Duvenvoorde; láti inú àwọn yẹn ni ẹ̀ka mìíràn ti gba ilẹ̀ Polanen, tí àwọn náà di van Polanen. Ẹni tó bá ń tẹ̀lé orúkọ yóò rò pé ìdílé mẹ́ta ni. Èdìdì wọn ló tú àṣírí: oṣù lílé mẹ́ta ló wà lára asà wọn, funfun lórí pupa fún Wassenaer, dúdú lórí funfun fún Polanen, àwọ̀ kì í sì í hàn lára ìda èdìdì, oṣù mẹ́ta náà nìkan ni ẹ óò rí. Jan II van Polanen ra Breda ní 1350. Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, Johanna, fẹ́ Engelbert ti Nassau ní 1403, ibẹ̀ sì ni ìdílé ọba Nẹ́dálándì òde òní ti fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ilẹ̀ náà. Nígbà tí ẹ̀ka àgbà ti Wassenaer kò ní ọkùnrin mọ́ ní 1523, àwọn Duvenvoorde padà gbé orúkọ Wassenaer wọ̀ nígbà tó yá.

Ọjọ́ inú ìwé náà lè dójú tini. Ní ààfin Holland, Ọdún Àjíǹde ni ọdún tuntun ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe oṣù kìíní, nítorí náà oṣù kejì 1402 lójú akọ̀wé ni oṣù kejì 1403 lójú tiwa. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò rí i pé ọmọ jogún ilẹ̀ ní oṣù kejì, tí baba tó ti “kú” sì tún ń bọ̀ wá ta oko ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà.

Ilẹ̀ tí kì í ṣe leen, ọ̀dọ̀ schepenbank ni ẹ óò ti rí i, ilé ẹjọ́ ìlú níbi tí wọ́n ti ń kọ títà, gbèsè àti ogún sílẹ̀. Ti ìlú ’s-Hertogenbosch bẹ̀rẹ̀ láti 1367. Inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni Bosch fúnra rẹ̀ ti kọ́kọ́ hàn ní 1474, ibẹ̀ náà ni a sì ti mọ̀ pé Aleid van de Meervenne aya rẹ̀ ní ilé àti ilẹ̀ tirẹ̀, tí ọkọ ń gbẹnu sọ fún un níwájú àwọn adájọ́ gẹ́gẹ́ bí alágbàtọ́.

Bí ẹ bá ń da ìwé ilẹ̀ kọ, ẹ má fi ààlà sílẹ̀. Akọ̀wé máa ń sọ iye morgen tí ilẹ̀ jẹ́ (morgen kan ní Rijnland kò tó hẹ́kítà kan), yóò sì dárúkọ ẹni tó bá a pààlà níhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí orúkọ onílẹ̀ bá yí padà, tí ìwọ̀n ilẹ̀ àti àwọn aládùúgbò kò yí, ilẹ̀ kan náà ni. Aládùúgbò tó wà níhà ìlà-oòrùn sì lè jẹ́ àbúrò tí wọ́n jọ pín ogún baba, tó ń jẹ́ orúkọ mìíràn.