Èsì: SuperTuxKart tí cmake kọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ fẹ́ compile SuperTuxKart, eré ìdíje ọkọ̀ orí kọ̀ǹpútà (ìyẹn ni pé kí ẹ sọ kóòdù rẹ̀ di eré tó ń ṣiṣẹ́), ṣùgbọ́n cmake, irinṣẹ́ tó ń ṣètò kóòdù náà sílẹ̀, kọ̀ jálẹ̀ lórí Linux, ẹ sì ń bèèrè bóyá èyí tí ẹ bá compile níbẹ̀ á ṣiṣẹ́ lórí Windows.

Fódà kan tí kò sí níbẹ̀ ló ń dà yín láàmú. Git, irinṣẹ́ tí a fi ń gba stk-code (fódà kóòdù) wálẹ̀, kì í kó àwòrán àti orin eré náà wá. Ẹ fi svn (irinṣẹ́ mìíràn bíi Git) fa stk-assets, fódà àwòrán àti orin náà, wálẹ̀, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ stk-code, kì í ṣe sínú rẹ̀ (èmi náà gbé e sínú rẹ̀ rí, odidi òru kan ló gbà mí). Ẹ wá dá fódà cmake_build sínú stk-code, ẹ wọ inú rẹ̀, ẹ tẹ `cmake ..`, kó tó kan `make -j4`, tó ń compile eré náà gan-an (-j4 ni iṣẹ́ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà). Bí RAM yín ò bá pọ̀, -j2 ti tó.

Ti Windows? Rárá o. Ẹ máa tún un compile fún Windows ni, Visual Studio (irinṣẹ́ ìkọ kóòdù ti Microsoft) sì rọrùn jù.