Ṣé dandan ni àyẹ̀wò àyíká bí wọ́n bá fẹ́ sọ òpó iná inú igbó ọba lẹ́bàá Ilé-Ifẹ̀ di ńlá?

Bẹ́ẹ̀ ni. Òfin àyẹ̀wò àyíká ti ọdún 1992 kò gbà kí ìjọba tàbí aládàáni bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìkọ́kọ́ ro ohun tí yóò ṣe sí àyíká, bí ibi tí iṣẹ́ náà wà bá sì lè mú kí ìpalára rẹ̀ pọ̀, àyẹ̀wò kíkún di dandan. Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò nínú ìwé iṣẹ́ náà ni fífẹ̀ ojú ọ̀nà wáyà: mítà 30 ni ti 132 kV, mítà 50 ni ti 330 kV (kV, ìyẹn kílófóòtì, ni wọ́n fi ń wọn agbára iná inú wáyà). Bí wọ́n bá sọ ti àkọ́kọ́ di ti ìkejì, hẹ́kítà 2 igbó ni wọn yóò tún gé lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan, tìrókò tarère tó wà níbẹ̀. Lójú tèmi, ìyẹn kì í ṣe àtúnṣe lásán. Pípààrọ̀ wáyà lórí òpó àtijọ́ fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin náà tún ní kí wọ́n fún ará ìlú láàyè láti sọ̀rọ̀ kí ìpinnu tó jáde, nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè kọ̀wé sí Iléeṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ fún Ọ̀rọ̀ Àyíká, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan ṣọwọ́ sí àwọn aṣọ́gbó Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.