Kí ló dé tí ààrò mẹ́ta kì í fi í dọbẹ̀ nù?

Àbúrò kan tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ló bi mí pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, onígun mẹ́ta ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ finite element fún wa, ìyẹn ọ̀nà ìṣirò tí wọ́n ti ń gé nǹkan sí wẹ́wẹ́ kí wọ́n tó ṣírò rẹ̀. Olùkọ́ wa wá pa á lówe pé ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù. Kí ni ìtumọ̀ òwe yìí gan-an, kí ló sì kàn án nínú ìṣirò?"

Àbúrò mi, ìṣọ̀kan ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ òwe náà sí: bí ẹni mẹ́ta bá fọwọ́ sowọ́ pọ̀, ohun tí wọ́n jọ gbé kò ní í dànù. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kó tó di ọ̀rọ̀ ènìyàn, ọ̀rọ̀ ìdáná ni, ibẹ̀ ni ọgbọ́n rẹ̀ sì wà.

Wo ẹni tó ń dáná ní ẹ̀yìnkùlé. Ilẹ̀ ò tẹ́, òkúta tó rí kò sì ga dọ́gba. Bó bá to mẹ́ta, ìkòkò lè fì sí apá kan díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní í mì, torí ìdí rẹ̀ fara kan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bó bá to mẹ́rin, ọ̀kan á kúrú, ìkòkò á máa mì, títí tó fi máa wá àpáàdì há a lábẹ́.

Jẹ́ ká wọ̀n ọ́n. Fi òkúta kìíní sílẹ̀; gbé ìkejì sí 40 sẹ̀ǹtímítà lápá ọ̀tún rẹ̀, ìkẹta sí 30 sẹ̀ǹtímítà níwájú òkúta kìíní. Gbé ìkòkò ọbẹ̀ kílò 12 kà á, kí àárín rẹ̀ bọ́ sí 10 lápá ọ̀tún àti 10 níwájú òkúta kìíní. Òkúta kìíní á gbé kílò 5, ìkejì á gbé 3, ìkẹta á gbé 4. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí ẹrù náà lè gbà pín. Fi ìkẹrin kún un, ibi tí wọ́n wà nìkan kò tó láti mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé mọ́.

Ìpín yẹn, 5/12, 3/12 àti 4/12, òun gan-an ni wọ́n ń pè ní shape function ní kíláàsì yín. Gbé ìkòkò kúrò, kó o fi irin pẹlẹbẹ onígun mẹ́ta síbẹ̀. Ká ní ooru igun kìíní jẹ́ dígírì 20, ìkejì 60, ìkẹta 50. Fi ìpín kọ̀ọ̀kan sọ ooru igun tirẹ̀ di púpọ̀, kó o ro wọ́n pọ̀: 40 ni ooru ibi tí àárín ìkòkò wà tẹ́lẹ̀. Bí ibi tí ò ń wá bá bọ́ sí òde onígun mẹ́ta náà, ìpín kan á kéré sí òdo. Lórí ààrò, ìyẹn ni pé kí ẹnì kan máa fa ìkòkò mọ́lẹ̀ lórí òkúta yẹn. Bí kò bá sẹ́ni tó fà á, ọbẹ̀ ti dànù.

Àbùkù onígun mẹ́ta yìí ò ju ọ̀kan lọ, ṣùgbọ́n ó tóbi. Bákan náà ni ooru ṣe ń gòkè níbi gbogbo nínú rẹ̀, dígírì 1 ní sẹ̀ǹtímítà kan lápá ọ̀tún, dígírì 1 níwájú. Ìdí nìyẹn tá a fi ń gé e wẹ́wẹ́ níbi tí nǹkan ti ń yí padà kíákíá, bí etí ihò tí wọ́n lu sára irin. Àǹfààní rẹ̀ ni pé kò sí ìrísí wíwọ́ tí a kò lè fi onígun mẹ́ta tò. Onímọ̀ ìṣirò kan, Richard Courant, ti lò ó nínú ìwé tó jáde ní 1943. Ní 1956, àwọn ẹnjiníà mẹ́rin, Turner, Clough, Martin àti Topp, lò ó fún ìṣirò ara ọkọ̀ òfuurufú, Clough ló sì sọ ọ́ ní finite element ní 1960.

Ohun kan wà tí òwe ò sọ, torí kò sẹ́ni tó ń dáná tí kò mọ̀ ọ́n: a kì í to ààrò sórí ìlà kan ṣoṣo. Bí igun mẹ́ta bá wà lórí ìlà kan, fífẹ̀ onígun mẹ́ta náà (area) di òdo, bẹ́ẹ̀ fífẹ̀ yẹn lo fẹ́ fi pín iye gbogbo. Kọ̀ǹpútà á kọ̀ ọ́. Èyí tó gùn tó sì tínrín bí abẹ́rẹ́ náà kò dára, èsì rẹ̀ kì í ṣeé gbára lé.

Tó o bá wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, kọ́kọ́ ro ìpín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Bí kò bá pé 1, padà síbi tó o ti ṣírò fífẹ̀ rẹ̀.